Ahọ́n Àgbékẹ́

Ní agboolé wa ní Kpulu, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ọsàn àkọ́so kí ìyá bàbá mi tó tọ́ ọ wò. Àgbékẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ó dúdú, ẹnu rẹ̀ mú, kì í sì í pẹ́ jókòó sójú kan. Ọlọ́run kò fún un ní ohùn orin, kò fún un ní ẹsẹ̀ ijó, ṣùgbọ́n ó fún un ní ahọ́n. Bí ó bá fi ìka kan ọbẹ̀ lá báyìí, á sọ ẹni tó sè é fún ọ, á tún sọ bóyá inú ń bí onítọ̀hún nígbà tó ń sè é. Àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rù ìka yẹn ju pàṣán lọ.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe ti ọsàn. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ọsàn sì ń pọ́n lórí igi, wọn á já ẹyọ kan fún àwọn tó ti lọ, wọn á gbé e sí ojú oórì Fábíyì, bàbá bàbá mi, ẹni tó gbin àwọn igi náà. Wọn á já ẹyọ kejì fún Àgbékẹ́. Gbogbo ilé á pé. Á fọwọ́ ara rẹ̀ bó o, á mu ún. Bí kò bá tíì tó, á ní, "Ó di ọjọ́ mìíràn," gbogbo èèyàn á sì túká. Bí ó bá ti tó, á ní, "Ó dùn." Nígbà náà ni wọn á pín in fún tàgbà tèwe, bí ó bá sì ti kan oníkálùkù lẹ́nu, á dáhùn pé, "Ó dùn, á máa dùn."

Àdúrà ni ìdáhùn yẹn. Ẹni tí kò bá wí i, àfi bí ẹni tó ṣẹ́ èpè fún ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá àgbà fún wa.

Mi ò tíì mọ̀ ọ́n rìn nígbà tí ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ìyá mi, Àdùkẹ́, ni mo ti gbọ́ apá àkọ́kọ́ rẹ̀, àgbọ́túngbọ́. Apá tó gbẹ̀yìn ṣojú mi kòró.

Ọsàn Fábíyì kò lẹ́wà, kí n má purọ́. Kò tóbi, èèpo rẹ̀ ní àpá dúdú dúdú, kóró sì kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá mu ún ní òwúrọ̀, títí di ọ̀sán ni ọwọ́ rẹ á máa ta sánsán. Adùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé, kíkan díẹ̀ á tẹ̀lé e, adùn á tún padà wá. Àwọn èèyàn ń ti Àjà-Wẹ̀rẹ̀ wá rà á, wọn kì í sì í rojọ́ àpá ara rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Dàhòmì gba òmìnira ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Lucien wá sí abúlé wa. Mọnítọ̀ ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà oko tuntun. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, a máa kí àgbà kó tó jókòó, mi ò sì ní sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ó kó igi ọsàn kéékèèké wá, irú èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀ka igi kan so mọ́ ìdí igi mìíràn. Ó ní wọn kì í pẹ́ so, ọsàn wọn ń tóbi, ó ń dán, ọkọ̀ akẹ́rù tí à ń pè ní kámíọ̀ á sì máa wá kó o láti Kútọnu lọ sí ilé ìtajà ńlá tí àwọn òyìnbó ti ń ra nǹkan. Ó ní tàwa yìí kò lè dé ibẹ̀. Àpá ara rẹ̀ pọ̀, èèpo rẹ̀ kò nípọn, á ti rà kó tó dé Àjàṣẹ́ lójú ọ̀nà.

Bàbá mi, Marcellin, ni àbíkẹ́yìn Àgbékẹ́, òun nìkan ló sì kù sílé lọ́dọ̀ rẹ̀. Koríko ni wọ́n fi bo yàrá ìyá àgbà nígbà náà, òjò a sì máa jò sórí ẹní rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òjò, bàbá mi á máa gbé ẹní yẹn kiri inú yàrá, á máa wá ibi tó gbẹ. Páànù ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó lọ bá ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun fẹ́ gé igi bàbá òun kí òun gbin ti mọnítọ̀.

Ìyá àgbà ní, "Igi bàbá rẹ ni, ilẹ̀ rẹ sì ni. Ṣáà jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí o máa gé e."

Ní ọjọ́ tí wọ́n máa gé e, ó ti jí lọ sí Masẹ, sí ọ̀dọ̀ Bíntù ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó má bàa gbọ́ ìró àáké. Ìgbà tó padà dé, ó gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

Àwọn igi tuntun so lóòótọ́, wọn kò sì pẹ́ so. Ìyá mi ní ẹni tó bá rí ọsàn náà lórí igi á dúró wò ó. Ó dán, kò ní àpá kankan, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Àwọn oníkámíọ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n já a nígbà tó bá ṣì le, kó má bàa rà lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń rà á ní ilé ìtajà yẹn, ojú ló fi ń rà á. Bí ó bá délé tó mu ún, kò sí ẹni tó máa bá wí. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò ní jẹ́ kí kámíọ̀ kó ẹyọ kan kí ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ wò. Ó ti ní kí wọ́n fi igi kan sílẹ̀, kí ti ìyá rẹ̀ lè pọ́n dáadáa. Wọ́n gbé ẹyọ kan sí ojú oórì Fábíyì. Gbogbo ilé pé.

Ìyá àgbà bó ọsàn náà, ó mu ún. Omi ló bá níbẹ̀. Omi tútù tó kọjá lọ́nà ọ̀fun, tí kò sọ ohunkóhun fún ahọ́n. Ó tún mu ún. Ó gbójú sókè, ó sì rí ọmọ rẹ̀ tó dúró síwájú rẹ̀, tó fi ọwọ́ kan di ọwọ́ kejì mú, tó ń wo ẹnu rẹ̀ bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ó dùn."

Wọ́n pín in. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí àgbà dórí ọmọdé, gbogbo wọn mu ún, wọ́n sì dáhùn pé, "Ó dùn, á máa dùn."

Ta ló máa wí nǹkan mìíràn? Ìyá mi ní òun mu tòun, òun kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu, òun sì rò pé ẹnu òun ni kò dáa lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà ti wí. Bí ìyá àgbà bá ti ní ó dùn, ó ti dùn nìyẹn. Ohun tí gbogbo wọn rò nìyẹn, kálukú nínú ara tirẹ̀.

Ìyá àgbà ní tirẹ̀ jókòó, ó ń gbọ́ ohùn wọn. Ó dùn, á máa dùn. Ó dùn, á máa dùn. Gbogbo ilé ló mọ adùn ọsàn náà lẹ́nu, àfi òun. Ọkàn rẹ̀ sì lọ tààrà sórí ìyá ọkọ rẹ̀, obìnrin tí òun tọ́jú títí tó fi kú. Ìyá yẹn ló kọ́kọ́ sọ fún un pé ohun dídùn kò dùn mọ́ lẹ́nu òun. Lẹ́yìn náà, iyọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ata lọ. Ìgbà tí ata lọ, kò rí òjò ọdún náà.

Àgbékẹ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbà pé ahọ́n òun ti ṣáájú òun lọ, kí òun náà máa palẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ wá kí ó fìka kàn án, á ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ó dáa." Àwọn ìyàwó ilé kọ́kọ́ dúpẹ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n. Oúnjẹ rẹ̀ ń kéré sí i. Ìyá mi da ṣúgà sínú ẹ̀kọ fún un, ó mu bíi ṣíbí kan, ó gbé e sílẹ̀, ó ní inú òun ti kún. Ẹ̀rù ló ń bà á láti tọ́ ọ wò dáadáa. Ó ń bẹ̀rù kí ó má lọ rí i pé òótọ́ ni. Ó wá kó aṣọ rẹ̀ jáde, ó pín in fún àwọn ìyàwó ilé, ó sì sá ọ̀kan tó funfun sóòrùn. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ni funfun yẹn wà fún. Gbogbo wọn mọ̀.

Ẹ wá wo bàbá mi! Ó rò pé inú ló ń bí ìyá òun nítorí igi tí òun gé. Kí ló ń ṣe? Gbogbo ọjọ́ ọjà, kí kámíọ̀ tó dé, á ṣa ọsàn tó dára jù nínú oko, èyí tó tóbi jù, tó dán jù, á kó o sínú agbọ̀n, á gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní ìyá rẹ̀. Á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ìyá, ẹ bá mi mu ún." Ìyá rẹ̀ á mu ún, nítorí ọmọ rẹ̀ ló gbé e wá. Omi. Á ní, "O ṣé, ọmọ mi, ó dùn." Bí bàbá mi bá ti jáde, á fi ojú kan ògiri. Ìfẹ́ ọmọ rẹ̀ ló ń sọ fún un ní gbogbo ọjọ́ ọjà pé ó ń kú lọ.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Bíntù kò sí nílé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ sí ìhà Nàìjíríà, ó lọ wẹ ọmọ. Ìgbà tó dé sí Masẹ tó gbọ́ pé Àgbékẹ́ ti ń pín aṣọ, kò tú ẹrù. Ó fi ẹsẹ̀ rìn wá sí Kpulu lọ́sàn-án gangan, ó ń bú Àgbékẹ́ bọ̀ láti ojú ọ̀nà. Irú ọ̀rẹ́ tí wọ́n jẹ́ síra wọn nìyẹn. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé wọn wá sílé ọkọ, èébú ni wọ́n sì fi ń kí ara wọn.

Ó wọlé, ó ní, "Àgbékẹ́, mo gbọ́ pé o ń lọ. Ta lo gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Jókòó, Bíntù. Àdùkẹ́, bó ọsàn fún àlejò mi. Ó ti rìn jìnnà."

Ìyá mi mú èyí tó tóbi jù nínú agbọ̀n bàbá mi, ó bó o, ó kúnlẹ̀ fún Bíntù. Òùngbẹ ń gbẹ obìnrin náà. Ó fi eyín sí i, ó fà á, ó dúró. Ó wo ọsàn náà. Ó tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tutọ́ síta lójú fèrèsé.

Ó ní, "Kí lèyí? Ṣé ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná ni?"

Ìyá mi ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹnu Bíntù. Bíntù kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìtọ́wò, kì í ṣe ará ilé, kò sí àdúrà kankan lọ́rùn rẹ̀.

Ìyá àgbà dìde jókòó. Ó ní, "Kí lo wí?"

"Mo ní kò ní adùn kankan. Omi ni. Ọsàn tó rẹwà tó báyìí, omi lásán!"

"Tún un wí."

"Ṣé etí rẹ náà ti ń lọ ni? Mo ní omi ni!"

Ìyá àgbà yíjú sí ìyá mi. Ó ní, "Àdùkẹ́, ìyàwó mi, ìwọ ńkọ́? Lọ́jọ́ yẹn, kí lo gbọ́ lẹ́nu?"

Ìyá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní ó dùn."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí mo ní. Kí ló wà lẹ́nu rẹ?"

"Omi ni, Ìyá."

Àgbékẹ́ pariwo pé, "Gbé iyọ̀ wá! Gbé ata wá! Oyin dà?" Wọ́n sáré kó gbogbo rẹ̀ wá. Ó lá iyọ̀, ó ṣẹ́jú. Ó jẹ ata, ó wúkọ́. Ó ti ìka bọ oyin, ó fi í sẹ́nu, ó pa ojú dé, omijé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Bíntù di orí rẹ̀ mú mọ́ àyà, òun náà ń sunkún, kò sì tíì mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́kún.

Nígbà tí ìyá àgbà nu ojú rẹ̀ tán, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àdùkẹ́, aṣọ mi aláró tó wà lọ́wọ́ rẹ, mú un padà wá." Ìyá mi ní òun kò tíì fi irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ dá nǹkan padà rí. Àwọn ìyàwó yòókù náà kó tiwọn wá, àfi ẹnì kan tó ti gé tirẹ̀ rán. A kò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé.

Bàbá mi ti oko dé, ó bá ìyá rẹ̀ níta lórí kùkùté igi Fábíyì, tó ń jẹ iṣu. Ó dúró.

Ìyá rẹ̀ ní, "Marcellin, ọsàn rẹ kò dùn."

Bàbá mi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀, Ìyá. Mo mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé omi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ní ó dùn. Mo ní bóyá nítorí igi tí mo gé ni Ọlọ́run ṣe mú adùn rẹ̀ kúrò lẹ́nu tèmi nìkan."

"Nítorí rẹ ni mo ṣe ní ó dùn."

"Èmi náà, nítorí yín ni mo ṣe gbà bẹ́ẹ̀."

Ìyá mi, tó ń gúnyán nítòsí, ní àwọn méjèèjì wo ara wọn títí, ìyá àgbà sì gbé ọwọ́ lé bàbá mi lórí. Ó ní, "O fẹ́ kí òjò má pa mí. Mo rí i. Inú mi dùn sí ọ, ọsàn rẹ nìkan ni inú mi kò dùn sí." Bàbá mi, ọkùnrin gìrìpá, sunkún níbẹ̀ bí ọmọ ọwọ́.

Bíntù ló rántí igi tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Masẹ. Ọsàn Fábíyì ló mu nígbà kan rí, ó tu kóró rẹ̀ sídìí balùwẹ̀, igi sì hù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọsàn ibẹ̀ dé, Àgbékẹ́ mu ún, ó mi orí, ó kó gbogbo kóró rẹ̀ sínú igbá omi. Òun fúnra rẹ̀ ló gbìn wọ́n sẹ́yìn yàrá rẹ̀. Lucien ní igi tó ti inú kóró wá á pẹ́ kó tó so. Ìyá àgbà ní, "Mo ti padà dé. Mo ráyè." Ọ̀kan péré ló yè nínú àwọn kóró náà.

Kámíọ̀ ṣì ń wá kó ọsàn dídán, páànù sì bo yàrá ìyá àgbà níkẹyìn. Ṣùgbọ́n Àgbékẹ́ yí àṣà ìtọ́wò padà. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ọmọdé ni á kọ́kọ́ mu ún, tí á kọ́kọ́ wí, òun ni á kẹ́yìn, àdúrà á sì dúró dìgbà tí òótọ́ bá ti jáde.

Ọdún tí àwọn ológun gba ìjọba, tí rédíò kò sọ nǹkan mìíràn ju Rẹfolúsíọ̀n, ìyípadà tí wọ́n ní àwọn mú wá, lọ, ni igi ẹ̀yìn yàrá so. Mo ti dàgbà díẹ̀ nígbà náà. Ìyá àgbà ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ọwọ́ mi ló ń dì mú lọ síbikíbi. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fún lára ọsàn náà. Kò tóbi, ó ní àpá, kóró kún inú rẹ̀. Mo mu ún, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó dùn!" Àwọn ọmọ tó kù ní ó dùn. Bàbá mi mu tirẹ̀, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá kan ìyá àgbà. Ó mu ún, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Ó dùn." Gbogbo wa dáhùn pé, "Ó dùn, á máa dùn."

Nígbà tí àwọn èèyàn túká, mo mú un padà sídìí igi náà kó lè jókòó ní ibòji. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Ìyábùnmi, ṣé òótọ́ ni pé ó dùn?"

"Òótọ́ ni, Ìyá. Ṣebí ẹ̀yin náà mu ún?"

"Mo mu ún. N kò mọ adùn rẹ̀ lẹ́nu. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni, kì í ṣe ọsàn. Láti ọdún tó kọjá ni ahọ́n mi ti ń lọ." Kò sí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rárá. "Sọ ọ́ fún mi. Báwo ló ṣe rí?"

Mo rò ó dáadáa kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tó máa mọ irọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìyá, adùn ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà, ó kan díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún padà dùn."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Òun náà ni. Ti Fábíyì ni."

Ó wá fi ọwọ́ wá ọsàn tó kù nínú igbá, ó fi í lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n mu ún níwájú òun, kí n má sáré. Mo jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀, mo mu gbogbo rẹ̀ tán. Omi rẹ̀ ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ aláró nù ún fún mi.